Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ bá wa yẹ́ Bàbá sí

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú ìdúró tì wá o. Ẹ kú wàhálà ọ̀nà, ẹ kú àdúrà. Èmi àkọ́bí ni mò ń kọ èyí lórúkọ Bàbá, Màmá àti gbogbo àwa ọmọ, torí èrò pọ̀ lọ́jọ́ tí iléèwé kan ní Ìdírókò, létí bọ́dà Nàìjíríà àti Benin, ṣí yàrá ìkàwé tí wọ́n fi orúkọ Bàbá pè, a ò rí gbogbo yín kí.

Kábíyèsí àtàwọn ìjòyè, a dọ̀bálẹ̀, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ìgólò àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin sọdá wá, ẹ̀yin ará Èkó tẹ́ ẹ há sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ọ̀tà síbẹ̀ tẹ́ ẹ dé, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ. Ẹ̀yin ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì tẹ́ ẹ tò tẹ́ ẹ sálúùtù Bàbá, ẹ jẹ́ kórí mi wú.

Ẹ̀yin tíṣà, PTA àti akẹ́kọ̀ọ́jáde iléèwé náà, kí ni ká sọ? Ẹ fi orúkọ bàbá wa pe yàrá ìkàwé tuntun nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n fọwọ́ ara wọn gé ríbọ́nù. Ẹni tí ò ka ju ìwé mẹ́fà lọ!

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí àkókò ò jẹ́ ká sọ. Bàbá wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1966, bọ́dà ni wọ́n sì ti lo èyí tó pọ̀ jù. Ní oṣù kìíní 1983 tí ìjọba Shagari ní kí àwọn àlejò tí ò ní ìwé máa lọ, bọ́dà Ṣẹ̀mẹ̀ ni Bàbá wà, Gánà ti bọ́dà tiẹ̀ pa, Tógò àti Benin náà wá ti tiwọn, ni èrò bá há sójú ọ̀nà tọmọtọmọ tẹrùtẹrù. Bàbá ò láṣẹ láti ṣí nǹkan kan, omi ni wọ́n ń pọn fáwọn èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́. Títí dòní wọn ò gbà ká pe báàgì yẹn ní Ghana-must-go nínú ilé wa.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gbé Bàbá wá sí Ìdírókò. Ní oṣù kẹrin 1984 ìjọba ológun pààrọ̀ owó, wọ́n ti gbogbo bọ́dà, ó di 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn ọmọ tó ń gbé Ìgólò àmọ́ tí wọ́n ń kàwé lápá ibí wá di ẹni tí ò rí ọ̀nà dé kíláàsì. Mo gbọ́ tí MC ní Bàbá ṣí bọ́dà fún wọn. Rárá o, wọn ò rú òfin kankan. Wọ́n lọ bá ọ̀gá iléèwé ìgbà yẹn, wọ́n jọ kọ orúkọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e lọ bá ọ̀gá tiwọn, wọ́n bẹ̀, wọ́n tún padà lọ bẹ̀, títí tí ọ̀gá náà fi gbà pé ọmọ tí orúkọ ẹ̀ bá wà níbẹ̀ tó sì wọ yunifọ́ọ̀mù lè sọdá láàárọ̀ kó padà lọ́sàn-án, kí Bàbá fúnra wọn máa mú wọn kọjá. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí kankan. Ẹni tó bá mọ bọ́dà á mọ ìdí tíyẹn fi dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ayé bàbá mi.

Màmá náà ńkọ́? Ọmọ tí òjò bá ká mọ́ tílẹ̀ fi ṣú, yàrá wa nínú bárékè ló ń sùn, Màmá á ro ẹ̀bà, wọ́n á wá aṣọ gbígbẹ fún un. Ọ̀kan nínú wọn ti di dókítà ní Kútọnú, òun ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá tí gbogbo wa fi ń sunkún.

Nígbà tí wọ́n tún ti bọ́dà ní 2019, tí Ìdírókò ò ṣí àfi 2022, ojoojúmọ́ ni Bàbá ń bi wá pé "àwọn ọmọ iléèwé ńkọ́?"

Ẹ̀yin àbúrò ní London, a rí owó yín, ìwé la fi rà sí yàrá ìkàwé náà. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ dáná, èèyàn jẹ, èèyàn dì lọ, ọwọ́ yín ò ní rọ.

Fọ́tò ń bọ̀ nínú gúrúùpù. Ẹni tó bá ní fọ́tò Bàbá nínú yunifọ́ọ̀mù, pàápàá ti Ìdírókò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀gá iléèwé fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri kí táàmù tuntun tó wọlé.