Mímọ̀ Lẹ́tà Kòríà Yàtọ̀ sí Mímọ̀ Ọ́n Kà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo gbádùn àpilẹ̀kọ yín lórí Hangul, lẹ́tà tí àwọn ará Kòríà fi ń kọ èdè wọn, àmọ́ n kò fara mọ́ ibi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé òwúrọ̀ kan ṣoṣo tó fún ènìyàn láti mọ èdè náà kà.

Àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ló fà á. Nínú ìwé tí Ọba Sejong fi kéde lẹ́tà náà lọ́dún 1446, Jeong In-ji, ọ̀kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé ààfin, kọ ọ́ pé ọlọ́gbọ́n yóò mọ̀ ọ́n kí òwúrọ̀ tó parí, òpè yóò sì mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́tà ló ń wí. Lóòótọ́ ni lẹ́tà náà sì rọrùn, nítorí pé ẹnu ni wọ́n wò yà á: ㄴ ni ṣóńṣó ahọ́n tó kan òkè ẹnu lẹ́yìn eyín, ㄱ ni ìdí ahọ́n tó dí ọ̀nà ọ̀fun, bí a bá sì fa ìlà kan kún ㄱ, ó di ㅋ, tí èémí máa ń tú jáde tẹ̀lé.

Ṣùgbọ́n ojú tó ń kàwé kò ráyè ahọ́n. Ọ̀rọ̀ ló ń wá. Ẹ wo 낫, 낮 àti 낯, tí a to lẹ́tà mẹ́ta jọ láti kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a bá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, "nat" ni etí ń gbọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ dòjé ni ti àkọ́kọ́, ọ̀sán ni ìkejì, ojú ènìyàn sì ni ìkẹta. (Dòjé yìí náà ni wọ́n fi ń pòwe mọ́ aláìmọ̀wé, pé ó gbé e síwájú, kò sì mọ ㄱ tó jọ ọ́.) Lẹ́tà ìsàlẹ̀ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìgbà tí fáwẹ́lì bá sì tẹ̀lé e ni ohùn rẹ̀ tó ń hàn: "nasi", "naji", "nachi". Ọmọ tó ti mọ lẹ́tà 24 náà dunjú ṣì lè ṣi èyí kọ. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń yọ ọmọ lẹ́nu yìí náà ló ń ran àgbà lọ́wọ́, torí pé bí ohùn ọ̀rọ̀ tilẹ̀ yí padà, ìrísí rẹ̀ kò yí, ojú á sì dá a mọ̀ kíá.

Àkọtọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè Kòríà gbé jáde lọ́dún 1933 ló fẹsẹ̀ èyí múlẹ̀, nígbà tí Sejong ti wàjà tipẹ́. Àpilẹ̀kọ yín kò dárúkọ wọn rárá, ó sì yẹ kó dárúkọ wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín