Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin oníbàárà wa lórí Àdìrẹ Ìtòkú tí ẹ ti ń retí

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ẹnìkan kọ ọ́ sí mi lórí WhatsApp pé ṣé mo ti fi owó àwọn èèyàn kọ́lé ni, mo kà á, mi ò fèsì, torí mi ò fẹ́ fi ìbínú dá ẹni tó jù mí lọ lóhùn. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ bó ṣe jẹ́. Àdìrẹ Ìtòkú, fúláwà anthurium tuntun tí mo ní ẹ máa gbà nínú oṣù kẹfà, kò lè kárí. Àwọn kan nínú yín máa dúró di ọdún tó ń bọ̀, iye tí ẹni tí kò tíì san nǹkan kan máa rà á sì ti kúrò ní ₦15,000, ó ti di ₦22,000.

Èèpo àgbọn ló ṣe wá léṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ra anthurium lọ́wọ́ wa mọ̀ pé kò fẹ́ erùpẹ̀ tó ń ki, gbòǹgbò ẹ̀ á rà ni. Cocopeat la máa ń pò mọ́ ọn, èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ẹnìkan ni mo ti ń rà á láti ọdún mẹ́rin, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Èèpo àgbọn máa ń ní iyọ̀ nínú, pàápàá èyí tí wọ́n bá rẹ sínú omi etí òkun, ẹni tó ń tà á ló yẹ kó fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó dì í sápò. Èyí tó kó wá nínú oṣù kejì, wọn ò fọ̀ ọ́. Mo kúkú bi í léèrè lọ́jọ́ tó já a sílẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, ṣé òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ ń ṣe é ni?" Mo gbà á gbọ́. Ọjọ́ méjì la fi pààrọ̀ ìkòkò gbogbo àwọn fúláwà náà, a sì fi cocopeat yẹn gbìn wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó rí bíi pé iná rà á. Mo rò pé ooru ni, mo tún ń bomi rin ín sí i. Ìgbà tí mo fa ọ̀kan yọ, gbòǹgbò tó yẹ kó funfun ti dúdú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo bu cocopeat yẹn díẹ̀, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀. Omi wà nídìí fúláwà, òùngbẹ ló sì ń pa á, torí iyọ̀ ò jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà. 86 la gbìn, 51 ló kú. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní omi kànga wa ni kò dáa, omi tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ti dá ọgbà yìí sílẹ̀! Kò dá kọ́bọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Àwọn kan tún ń sọ pé ṣebí fúláwà ni, ẹ gbin òmíì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ná. Ohun tí ẹ ń pè ní òdòdó lára anthurium yẹn, ewé ni. Òdòdó ẹ̀ gan-an làwọn wínníwínní tó bo ọ̀pá àárín, apá tó jẹ́ abo ló sì máa ń kọ́kọ́ jí, omi á máa dán lórí ẹ̀, ìgbà tí apá akọ bá máa fi tú lẹ́búlẹ́bú tó ń mú kí abo so èso jáde, abo ti gbẹ. Torí náà ara igi mìíràn lèèyàn á ti lọ gba lẹ́búlẹ́bú wá. Ní 2019, búrọ́ṣì tí ọmọ mi fi ń kun àwòrán nílé ìwé ni mo fi ń pa lẹ́búlẹ́bú náà mọ́ abo láràárọ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ju oṣù mẹ́fà lọ kí èso ẹ̀ tó pọ́n. A fún kóró ẹ̀ jáde, a gbìn ín lọ́jọ́ kan náà, torí tó bá ti gbẹ, ó parí. Èyí tó hù lé ní 300. Ọdún 2022 ni wọ́n tó yọ òdòdó, púpọ̀ nínú wọn ò ju pupa lásán lọ, irú èyí tí ẹ máa rí níbikíbi.

Ẹyọ kan ló yàtọ̀. Funfun ni, ó wá ní àwọ̀ àlùkò tó ta sí i lára kálukú ibi tó wù ú, bíi aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Ìyàwó mi, ọmọ aládìrẹ ni, ó kàn dúró tì í, ó ní "Àdìrẹ Ìtòkú nìyí." Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn, Ìtòkú tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Kóró ẹ̀ ò lè bí irú ẹ̀, ọmọ tó ń yọ nídìí ẹ̀ bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan la lè gé gbìn, ìwọ̀nba sì ni igi kan ń yọ lọ́dún. Gbogbo 86 yẹn, ìyá kan ló bí wọn. Ní Hawaii tí wọ́n ti gbé anthurium dé ní 1889, ẹ̀yìnkùlé làwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí títí ayé fi mọ̀ wọ́n, kí ló dé tí ti Abẹ́òkúta ò ní ṣeé ṣe?

Ní báyìí a ń fi omi ṣan cocopeat lẹ́ẹ̀mẹta fúnra wa, mo sì ti ra ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀. Iye tó lọ sókè yẹn, ìkòkò, ajílẹ̀ àti epo tí a fi ń fa omi ló fà á, kì í ṣe èrè.

Ẹ̀yin 43 tí ẹ ti san ₦5,000 sílẹ̀, iye àtijọ́ lẹ máa rà á, mi ò ní fi náírà kan lé e. 35 ló kù, mo máa fi mẹ́rin ṣe ìyá, 31 á jáde ní oṣù kẹfà bí ẹ ṣe sanwó tẹ̀léra. Ẹ̀yin 12 tó kù, mo máa pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ gba owó ẹ̀ kó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, màá san án lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá máa dúró, ẹ ṣeun, mi ò ní gbàgbé.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá sọ́gbà wa ní Ọbáńtokò, ojoojúmọ́ la wà níbẹ̀ àfi ọjọ́ Àìkú. Màá fi àwọn tó kú hàn yín, mi ò tíì lè dà wọ́n nù. Àwọn tó yè wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lápá ọ̀tún, mẹ́ta ti ń yọ òdòdó, ẹ ṣáà má fọwọ́ kàn wọ́n, ara wọn ò tíì le.