Wọ́n Ní Kí N Fọ Ọwọ́ Kí N Tó Fọwọ́ Kan Ìlù

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, kíkà ni tèmi. Bí fẹ́ńdọ̀ bá ti já a sílẹ̀ láàárọ̀, ó dìgbà tí mo bá kà á dé ibi ìkéde òkú kí n tó jẹun. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn kò jẹ́ kí ara rọ̀ mí. Wọ́n ní àwọn ará Kúbà ti sọ òrìṣà wa di ọjà tí wọ́n ń tà fún òyìnbó, pé Yorùbá ẹnu wọn kò yé ẹnikẹ́ni, àti pé bàtá tí wọ́n ń lù, àfarawé lásán ni. Ẹ bá mi bi wọ́n: ṣé wọ́n ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí? Èmi débẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ohun tí wọ́n kọ yẹn gan-an ló sì wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń lọ.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ilé Àyàn, ilé onílù, ni wọ́n bí mi sí, ní Ọ̀yọ́. Bàbá mi fi bàtá jẹun, wọ́n fi tọ́ wa, àwọn náà ni wọ́n sì lé mi kúrò nídìí rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ kàwé, kí n má wá di ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà olówó kó tó jẹun. Mo kàwé. Mo kọ́ ọmọ ní Yorùbá àti Ìtàn fún ọdún 33, mo sì fẹ̀yìn tì. (Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ń bọ̀ nínú lẹ́tà mìíràn.)

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Toronto ló ní kí n wá, ó fẹ́ fi ìsinmi rẹ̀ mú mi jáde. Bí òtútù bá ti fẹ́ pa àwọn ará Kánádà, Varadero ní erékùṣù Kúbà ni ọ̀pọ̀ wọn ń sá lọ. Wọ́n kó wa sí òtẹ́ẹ̀lì etí òkun kan. Iyanrìn ibẹ̀ funfun, ó kúnná bíi gààrí Ìjẹ̀bú, oúnjẹ kì í tán, ọtí kì í tán. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n pè wá sí ẹ̀gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kí a wá wo "eré Áfíríkà". Ọmọkùnrin kan wọ pupa, ó gbé oṣé dání, ó ń ta gìrì káàkiri, wọ́n ní Ṣàngó nìyẹn. Inú ẹ̀rọ ni ìlù ti ń dún. Òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń jẹ edé, ó sì ń pàtẹ́wọ́. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo ti padà sílé, lẹ́tà tí òǹkàwé Ìbàdàn kọ ni èmi náà ì bá kọ.

Ṣùgbọ́n láti Varadero sí ìlú Matanzas kò tó 40 kìlómítà, ọmọ mi sì ti gba yàrá fún wa nílé obìnrin kan níbẹ̀. Àwọn ará Kúbà máa ń gba àlejò sínú ilé ara wọn, ìjọba ló ń fún wọn níwèé àṣẹ. Casa particular ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹ ó gbọ́ àkùkọ tó ń kọ, ẹ ó gbọ́ aládùúgbò tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà.

Ìlú odò àti afárá ni Matanzas, ṣúgà ló sì sọ ọ́ di ńlá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun ń kó àwọn èèyàn wa sọ́wọ́ olówò ẹrú, oko ìrèké ẹ̀yìn ìlú yìí ni ọ̀pọ̀ wọn já sí. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà. Ẹ ṣírò ó: arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tẹ́ ẹ bá pàdé níbẹ̀ lónìí lè ti jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà tí wọ́n bí sínú oko ẹrú.

Mo lọ sí Castillo de San Severino, odi àtijọ́ tó dojú kọ òkun, tí wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òwò ẹrú. Wọ́n to ère àwọn òrìṣà síbẹ̀. Mo wò wọ́n, mo kọjá. Triunvirato, níbòmíràn ní ẹkùn Matanzas, ló mú mi dúró. Oko ìrèké ni tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde sí olówó wọn, obìnrin Lùkùmí kan tí wọ́n ń pè ní Carlota sì wà lára àwọn tó ṣáájú. Wọ́n pa á. Ní ọdún 1975 tí Kúbà kó ọmọ ogun lọ sí Àǹgólà, orúkọ obìnrin yìí ni wọ́n fi sọ ìrìnàjò ogun náà. Ère rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ní Ìtàn fún ọdún 33, mi ò kọ orúkọ yìí sí pátákó rí. Mungo Park ni mo mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹ̀yin ará Iléṣà, tiyín náà wà níbẹ̀ o. Ẹgbẹ́ kan wà ní Matanzas tí wọ́n ń pè ní Iyesá Modú (Ìjẹ̀ṣà ni Iyesá yẹn), láti ìgbà oko ẹrú ló ti wà. Ògún àti Ọ̀ṣun ni wọ́n ń bọ. San Juan Bautista ni wọ́n fi bo Ògún lójú àwọn àlùfáà ìgbà yẹn, ìdí nìyẹn tí ọdún wọn fi bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù kẹfà. Ìlù wọn yàtọ̀ sí bàtá, igi ni wọ́n fi ń lu púpọ̀ nínú wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin tó gbà wá sílé, ọmọ Yemọja lòun fúnra rẹ̀, mú wa lọ sọ́dọ̀ bàbá onílù kan. Bí a ṣe jókòó ni iná lọ. Gbogbo àdúgbò kígbe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kí ọmọ mi sọ fún wọn pé igbe kan náà là ń ké l'Ọ̀yọ́ bí NEPA bá ti mú iná. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti gbà pé ará ilé ni mí.

Bàbá náà ta omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Omi tuto, ona tuto, ilé tuto." Ara mi bù máṣọ. Omi tútù, ọ̀nà tútù, ilé tútù! Èdè náà pé, àmì ohùn nìkan ló bọ́ sómi lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tíṣà kò ṣeé bá gbé: dípò kí n dákẹ́, mo ní kí wọ́n máa pè é tẹ̀lé mi. Tú-tù. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, tẹ̀ríntẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní bí ìyá àgbà àwọn ṣe ń pè é làwọn ń pè é yẹn, àwọn ò sì ní tìtorí aleyo fi í sílẹ̀. Aleyo. Àlejò. Èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ìlù kan wà lórí àga. Bàbá náà gbé e sórí itan (ìjókòó ni wọ́n ti ń lù ú níbẹ̀, wọn kì í gbé e kọ́rùn bíi tiwa), wọ́n sì ń fi ọwọ́ lásán lù ú lójú méjèèjì. Kò sí bílálà, awọ tí a fi ń lù ú nílé. Mo ti ń mi orí pé ẹ ò rí i, wọ́n ti bà á jẹ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ọmọ mi. Ojú ńlá, enú. Ẹnu ni. Ojú kékeré, chachá. Mo dìde dúró. Ṣáṣá! Agogo wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń so mọ́ ìyá ìlù, chaworó. Ṣaworo. Oje tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú awọ kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀, idá. Ìda ni, ẹ̀yin èèyàn mi! Bàbá mi máa ń rán mi lọ ra ìda nígbà tí mo wà lọ́mọdé, á lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ títí n ó fi délé. Ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti bí ogójì ọdún, ẹnu ẹni tí kò lè bá mi sọ Yorùbá ni mo ti wá gbọ́ ọ.

Àpò aṣọ pupa mẹ́ta rọ̀ mọ́ ògiri. Inú wọn ni àwọn ìlù gidi wà, iyá, itótele, okónkolo. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀. Inú mi ti dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo nawọ́ sí èyí tó tóbi jù, mo fẹ́ tú okùn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí a ti dé di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò le mọ́ mi, kò sì tú mi sílẹ̀. Ó béèrè nǹkan kan. Ọmọ mi ní, "Dádì, ó ní ṣé ẹ ti fọ ọwọ́?" Mo ní mo fọ ọ́ kí n tó jáde nílé, ọṣẹ ni mo sì fi fọ̀ ọ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ti ọṣẹ. Àyàn, òrìṣà ìlù, wà nínú àwọn ìlù yẹn, Añá ni wọ́n ń pè é, àwọn tí wọ́n ti fi omi ewé fọ ọwọ́ wọn nínú ètùtù nìkan ló gbọ́dọ̀ lù wọ́n. Omo Añá ni wọ́n ń pe irú wọn. Mo ní kí ọmọ mi sọ fún wọn pé ọmọ Àyàn ni mí, wọ́n bí mi sí i ni, Àyàn ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá mi, òun ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá bàbá mi. Bàbá náà gbọ́, wọ́n kan sáárá sí mi. Wọ́n wá béèrè pé ṣé mo ń lù ú. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí bàbá mi ṣe ní kí n kàwé. Wọ́n tún un béèrè: ṣé mo ń lù ú? Mi ò lù ú. Ta ló fọ ọwọ́ mi? Kò sẹ́ni.

Wọ́n gbé ti orí àga fún mi, aberikulá, èyí tí kò ní Àyàn nínú, tí ọ̀gbẹ̀rì lè lù. Mo lù ú. Ohun tó jáde níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró sí Matanzas.

Inú bí mi títí di alẹ́. Mo dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn (iná ò tíì dé), mo ń bi ara mi pé ta ni wọ́n tí wọ́n á fi dá ọmọ Àyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà Àyàn. Ìtàn tí bàbá náà sọ fún wa kí a tó dìde ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n ní ní nǹkan bí ọdún 1830, Lùkùmí méjì ló kọ́kọ́ ṣe bàtá tó ní Àyàn nínú ní Havana. Àtàndá lorúkọ ọ̀kan. Arọ ni èkejì, Añabí ni wọ́n ń pè é. Èyí kò gba ògbufọ̀. Àyànbí ni, ọmọ ilé wa. Nílé, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ìlù láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ibi tí Àyànbí wà, wọ́n lè ta bàbá sí oko kan kí wọ́n ta ọmọ sí òmíràn lọ́jọ́ kan náà. Ta ni yóò jogún ìlù? Ni wọ́n bá fi omi ewé bí ọmọ mìíràn, ìbúra di iyèkan wọn. Èmi tí ẹ̀jẹ̀ gbé e fún, mo gbé e jù sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó di ọwọ́ mi mú, bóyá ìran rẹ̀ kò tilẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá wá, òun ló ń ṣọ́ ọ.

Lóòótọ́, owó wà níbẹ̀. Ẹnu àwọn fúnra wọn ni mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń gba dọ́là lọ́wọ́ òyìnbó láti fi í joyè òrìṣà, iye tí ará ìlú kò lè san, inú wọn ò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé wa lọ sí Òṣogbo nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, kí wọ́n ka iye pátákó ìpolówó tó wà lójú ọ̀nà, ká tó jọ sọ̀rọ̀ ọjà. Mi ò sì sọ pé gbogbo tiwọn ló tẹ́ mi lọ́rùn o. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan Añá rárá. Ọmọ mi fajú ro, mi ò sì rí nǹkan kan sọ tí mo fi lè tù ú nínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá yín dúró sí Varadero. Bí ẹ bá dé Havana, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Regla. Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà dúdú tí wọ́n fi ń kí Yemọja wà létí omi níbẹ̀, ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ni ọdún rẹ̀. Ẹ mú owó dání, káàdì báńkì kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́. Ẹ mú oògùn orí fífọ́ dání láti fi ta ilé tó bá gbà yín lọ́rẹ, torí oògùn wọ́n níbẹ̀ bí ojú. Obì àbàtà tí mo fẹ́ gbé lọ, ọmọ mi ní wọ́n á gbà á ní ibodè, mo sì fi í sílẹ̀. Ó ń dùn mí dòní. Àgbọn ni wọ́n ń dá sí mẹ́rin láti fi bi òrìṣà léèrè ọ̀rọ̀, obí náà ni wọ́n sì ń pè é.

Nígbà tí mo padà dé, mo bi ẹ̀gbọ́n mi tó ṣì ń lu bàtá pé ṣé wọ́n máa ń fọ ọwọ́ ọmọ nílé wa kó tó fọwọ́ kan ìyá ìlù. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ mọ̀, kí n wá lọ́jọ́ Jàkúta, kí n mú ọtí dání, kí n sì pa ẹnu mọ́. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo fi fọ́tò kan sínú lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má rò pé kámẹ́rà ló bàjẹ́. Àpò pupa mẹ́ta tó rọ̀ mọ́ ògiri yẹn, àwọn ìlù náà wà nínú wọn. Wọn ò tú u fún mi.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Àyàn tó di tíṣà,
Ọ̀yọ́.