Ẹ jẹ́ ká yí gíábọ́ọ̀sì wò lórí tábìlì ká tó gbé e wọ mọ́tò

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwọn onímọ́tò tó ń fi lẹ́tà bú mẹ́káníìkì lójú ìwé yín ni mo fẹ́ fún lésì, torí iṣẹ́ gíábọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí. Ẹjọ́ wọn ni pé wọ́n ra gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, mẹ́káníìkì gbé e wọ mọ́tò, gíà kẹta, táàdì, ò wọlé, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n lọ pààrọ̀ ẹ̀, òmíì dé, ìyẹn náà tún ń já jáde ní sẹ́kẹ́ńdì, owó iṣẹ́ di ẹ̀ẹ̀mejì, ọ́ọ̀lì gíà dà nù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá ní olè ni gbogbo wa. Olè wà láàárín wa o, mi ò jiyàn. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà yìí, ìwàǹwára ló ń fà á.

Gíábọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá rí nílẹ̀ ní ọjà Aráròmí ní Gate n'Íbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán, ojú lásán ò lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ dè é mọ́lẹ̀ kó má baà yí, kẹ́ ẹ wá mú clutch plate àtijọ́ kan, àwo kọ́lọ́ọ̀ṣì yẹn, kẹ́ ẹ tì í bọ ṣáàfùtì iwájú, irin tó ń gba agbára láti inú ẹ́ńjìnì, kí eyín ẹ̀ wọnú eyín, òun lẹ máa dì mú bíi sítíárìn torí ṣáàfùtì yẹn máa ń yọ̀, ọwọ́ ò lè gbá a mú dáadáa. Ní nútírà, ẹ yí iwájú, ẹ̀yìn, ìyẹn ibi tí agbára ti ń jáde lọ sí táyà, ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Tó bá ń tẹ̀ lé e díẹ̀, ẹ fọwọ́ di ẹ̀yìn mú, ó yẹ kó dúró, ọ́ọ̀lì ló ń fà á yẹn.

Ẹ wá ti gíà sí fáàsì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣì í, wọ́n á ti lífà pátápátá, kò ní wọlé, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ orí eyín ló kàn forí sọ orí eyín torí pé nǹkan kan ò yí. Ẹ máa yí ṣáàfùtì díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ti lífà, á wọlé wẹ́rẹ́, ọwọ́ yín á sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí bọ́ọ̀lù kékeré tí sípíríǹgì ń tì bá bọ́ sínú ihò ẹ̀. Tí ọwọ́ ò bá mọ nǹkan kan lára, ẹ fura, irú gíà bẹ́ẹ̀ ló ń já jáde lójú títì.

Ẹ kun ọ̀dà sára iwájú àti ẹ̀yìn kẹ́ ẹ wá máa ka bó ṣe ń yí. Irú Toyota onígíà márùn-ún tó ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀, bíi ti HiAce, ní fáàsì iwájú á yí bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ẹ̀yìn tó yí ẹ̀ẹ̀kan, ní fọ́ọ̀tì méjèèjì á jọ máa yí lọ́gbọọgba, ní fíìfù ẹ̀yìn á yá ju iwájú lọ, ní rìfáàsì á yí sódì. Golf àti Corolla ò rí bẹ́ẹ̀ o, torí dífà, ohun tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti tòsì, wà nínú tiwọn, tẹ́ ẹ bá di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ẹ̀gbẹ́ kejì á yí ní ìlọ́po méjì, kí ìṣirò má baà dà yín lójú rú. Tó bá ń há ní ojú kan náà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí i, eyín ti kán tàbí béárìn ti lọ. Tó bá jẹ́ irú èyí tẹ́ ẹ lè ṣí orí ẹ̀, ẹ gbìyànjú láti ti gíà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọ́dọ̀ gbà fún yín rárá. Tó bá gbà, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ni ín kíákíá.

Mi ò ní parọ́, tábìlì ò lè sọ gbogbo ẹ̀. Ariwo tó ń wá nígbà tí ẹrù bá wà lórí mọ́tò, tàbí synchro, òrùka tó ń jẹ́ kí gíà wọlé láìpariwo, tó ti jẹ, ẹ ò lè gbọ́ ìyẹn níbẹ̀. Ti synchro, àfi kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ fi feeler gauge, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọn àyè tó wà láàárín òrùka yẹn àti gíà, púpọ̀ nínú ìwé àtúnṣe ò fẹ́ kó wálẹ̀ ju bíi 0.5 sí 0.8 mm lọ.

Àwọn tó ń ta ọjà ò ní fẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí. Wọ́n á ní "ẹ lọ gbé e wọ̀, tí ò bá dáa kẹ́ ẹ gbé e padà wá", ó rọrùn fún wọn láti sọ, àwọn kọ́ ló máa wọ abẹ́ mọ́tò. Mo wá ń bẹ ẹgbẹ́ wa, NATA, kí wọ́n bá àwọn ọlọ́jà sọ ọ́ kí wọ́n ri irin kan mọ́lẹ̀ ní ọjà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn á máa gbé gíábọ́ọ̀sì lé kó tó sanwó. Ẹ̀yin onímọ́tò náà, tí mẹ́káníìkì yín bá ní òun fẹ́ yí i wò lórí tábìlì kó tó gbé e wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró tì í lórí pé kó ṣe kíá, ẹ lọ jẹun kẹ́ ẹ tó padà wá, tó bá sì ní kẹ́ ẹ fi owó díẹ̀ kún un torí ìyẹn, ẹ fún un.

Èmi ni tiyín,
Mẹ́káníìkì gíábọ́ọ̀sì kan, Ìbàdàn.