Ta Ló Ń San Án?

Iléṣà,
Ọjọ́ Àìkú.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún tó ń dà mí láàmú ti rọjú díẹ̀. Àbúrò rẹ ló ń bá mi tẹ ìwé yìí. Mò ń sọ, òun ń tẹ̀. Bí o bá rí ibi tó ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún un, ìwọ náà á kúkú mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. O ní àjọ ti kàn ọ́, 800,000 náírà, o sì ní ọ̀rẹ́ rẹ kan níbi iṣẹ́ fi ibì kan hàn ọ́ lórí fóònù, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fi 100 náírà síbẹ̀, 30 náírà ni wọn ó fi lé e lóṣooṣù. O wá ní kí n mú 500,000 nínú owó ọjà mi kí n fi kún un. Mo ní kí o fún mi láyè kí n rò ó. Mo ti rò ó.

Bàbá mi tí o kò bá láyé, òṣómàáló ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń bú Ìjẹ̀ṣà ni. Iṣẹ́ ni. Wọ́n á di aṣọ lẹ́rù láti Iléṣà níbí, wọ́n á gbé e lọ sí Ọ̀fà, lọ sí Ìlọrin, lọ sí àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í dé. Wọ́n á fi aṣọ sílẹ̀ fún àwọn èèyàn láwìn, wọ́n á dá oṣù tí wọ́n máa padà wá gbowó. Bí onígbèsè bá ní kò sí, bàbá mi á lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́: "Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi." Kò ní jà, kò ní pariwo. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ sódò ni yóò kí i, tí yóò sì béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Kí oòrùn tó ga, owó ti jáde.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni iye tó ń dá lé aṣọ. Aṣọ tó ń tà ní pọ́n-ún kan fún ẹni tó bá kówó sílẹ̀, pọ́n-ún kan àti ṣílè márùn-ún ni fún ẹni tó fẹ́ ẹ láwìn oṣù mẹ́ta. Mo bi í pé ṣé aṣọ kan náà kọ́ ni. Ó ní, "Aṣọ kan náà ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù mẹ́ta tí mo fi máa dúró wà níbẹ̀, owó ẹni tó máa sá lọ náà wà níbẹ̀." Ó ti mọ̀ pé bí òun bá fi aṣọ sílẹ̀ fún èèyàn mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan kú tàbí kó sá. Mẹ́sàn-án tó bá san ló ń bá ẹni tó sá san, wọn ò sì mọ̀. Àjọkẹ́, èlé náà nìyẹn. Kò sí bánkì tó ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n kàn ń wọ kóòtù ṣe é ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé òwò aládùn wá bá bàbá mi, kì í béèrè pé èló ni èrè rẹ̀. Ohun tó máa ń béèrè ni pé: "Ta ló ń san án?" Àpò ta ni owó náà ti ń jáde, kí ló sì mú un gbà láti san án?

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta aṣọ lọ́jà Atakúnmọ́sà, síbẹ̀ ó níbi tí ọjà ti kọ́ mi lọ́gbọ́n láìpẹ́ yìí. O rántí pé oṣù kẹfà ọdún 2023 ni báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ti kọjá 1,400 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Èmi ò ra dọ́là rí láyé mi, n kò rò pé ó kàn mí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 náà, mo ra ogójì ìdì àǹkárá ní Gbági n'Íbàdàn, 6,000 náírà ìdì kan. Mo tà á ní 7,500. Kérésì bá mi tà á, ìnáwó oṣù kìn-ín-ní bá mi tà á, gbogbo rẹ̀ tán pátá. Mo ka owó, 300,000 pé. Mo ní mo jèrè 60,000, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì, kódà mo ra ẹran fún yín.

Mo padà sí Gbági. Ìyá tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè kó tó ní 9,500 ni ìdì kan, torí dọ́là ti gòkè. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Mo lọ sí ìsọ̀ mìíràn, 9,700. Mo padà wá bẹ̀ ẹ́. Ogójì ìdì ni mo tà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo gbé bọ̀ sí Iléṣà, pẹ̀lú 5,500 náírà tó kù tí mo fi wọkọ̀. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo ń kà á lórí ìka: mo tajà tán, mo jèrè, ẹrù mi sì dín mẹ́sàn-án. Ojú owó ni mo ti ń jẹ tí mo pè é ní èrè.

Láti ọjọ́ náà, ìdì ni mo fi ń ka èrè mi, n kò fi náírà kà á mọ́. Oníbàárà a máa bínú sí mi pé, "Màmá, ọjà àtijọ́ mà ni, ẹ tà á ní iye àtijọ́." Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Iye tí mo rà á ti lọ. Iye tí màá fi ra òmíràn ni mò ń wò. Owó tó sùn sílé ìfowópamọ́ náà, bí mo ṣe ń wò ó nìyẹn. Àjọ ìṣirò ìjọba sọ pé ọ̀wọ́n ọjà wọ 34 nínú 100 ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ẹni tí báńkì bá fún ní 10 lọ́dún lórí owó rẹ̀ nígbà náà, ìdì rẹ̀ ń dín ni, bí nọ́ńbà orí fóònù rẹ̀ tilẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n n kò lè fi iye tó wù mí lé ọjà pẹ̀lú. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló wà ní ìlà wa tó ń ta irú ohun tí mò ń tà. Lọ́dún kan, mo gbé léèsì kan dé tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo jèrè ìlọ́po méjì lórí rẹ̀. Mo ké orúkọ aṣọ kúrò lára rẹ̀, mo parọ́ ọjà tí mo ti rà á. (Kí Ọlọ́run dárí jì mí.) Kò tó oṣù kan tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin fi gbé e. Àárín wa ni èrè náà ti rọ̀ títí tó fi di bíi ti àǹkárá. Bí ọjà ṣe rí nìyẹn: ibi tí oyin bá wà, kòkòrò á dé. Nítorí náà, ta ló rí ibi tí ẹja pọ̀ sí tó ń lu agogo pe apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀? Àwọn ará orí fóònù rẹ yìí, èrè 30 lóṣù, wọ́n tún ń sanwó fún ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wá!

Kí n sọ ti kòkó díẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 3,000 dọ́là lágbàáyé. Gánà àti Ivory Coast ló ń pèsè ju ìdajì kòkó ayé lọ; òjò, àrùn igi àti igi àgbà ṣe wọ́n, ọjà wọ́n. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan ti kọjá 12,000 dọ́là. Wọn kò lè sáré gbin òmíràn torí igi kòkó a máa gba bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Ìgbà tó gun òkè yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ra oko aládùúgbò rẹ̀ ní owó iyebíye. Kí ọdún 2025 tó parí, iye náà ti já sí nǹkan bí ìdajì. Ó ṣì ní oko o, kòkó ṣì ń so. Iye tó rà á ni kò dára.

Èmi náà ti ṣe é rí, kí o má rò pé mò ń fi í ṣẹ̀sín. Ọdún 2007, gbogbo èèyàn ló ń ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńlá: olùkọ́, aránṣọ, pásítọ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì kan, n kò ní dárúkọ wọn, gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní báńkì máa yá mi lówó láti fi ra á. Mo kó 100,000 sílẹ̀, wọ́n yá mi ní 200,000. Mo ń rí i tó ń gòkè lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, ìwọ̀n ọjà ṣíà Nàìjíríà, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iye ṣíà ń gòkè tàbí ó ń já, lé ní 66,000. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e fi dé, nǹkan bí 20,000 ló kù. Tèmi kò tó 90,000 mọ́. Gbèsè kò sì já wálẹ̀ ní tiẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn tí bàbá yín rà fún mi nígbà tí mo bí ọ, ibẹ̀ ló lọ. Mo sọ fún ọ nígbà yẹn pé olè ló jí i.

Ká ní mo rántí ìbéèrè bàbá mi ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí mo ra ṣíà wọn, oníbàárà wọn kò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ló ń san èrè mi, owó báńkì ni òun náà sì yá. Nígbà tí báńkì káwọ́ kò, ẹni ẹ̀yìn kò dé.

Síbẹ̀ n kò ní kí o má ra ṣíà. Ilé-iṣẹ́ ọtí International Breweries tó wà nílùú wa yìí, tó ń ṣe Trophy, wọ́n ń ta ṣíà rẹ̀ lọ́jà Èkó. Ẹni tó bá ní in, ó ní ìpín kékeré nínú gbogbo ìgò tí wọ́n bá tà. Ẹni tó ń san án nìyẹn: ọ̀mùtí. Ó hàn kedere. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, àdánù ńlá ni ìwé ìṣirò wọn gbé jáde bí ọtí tilẹ̀ ń tà, torí gbèsè dọ́là. Ohun tó ṣe mí ní Gbági ló ṣe wọ́n. Torí náà, ìwé ìṣirò ni kí o kà, má wo ariwo, má sì fi owó ilé rẹ tàbí owó yíyá ra á.

Bí o bá fẹ́ ibi tí oorun wà, ìjọba àpapọ̀ ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ láti ọdún 2017, ìyẹn ni pé o yá ìjọba lówó, 5,000 náírà ni èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé. Owó orí aráàlú ló ń san án. Èyí tó wà ní báńkì, láti ọdún 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dúró fún owó aráàlú ní báńkì, ń dáàbò bo tó 5,000,000 náírà fún ẹnì kan bí báńkì bá wó. 2,000,000 ni ti báńkì kéékèèké.

Ó wá ku ti orí fóònù. Mo ní kí àbúrò rẹ bá mi ṣírò 800,000 rẹ ní 30 lóṣù, kí èrè máa bímọ. Ọdún kan, ó lé ní mílíọ̀nù méjìdínlógún àti ààbọ̀. Ọdún mẹ́ta, ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé fóònù ló bàjẹ́. Ta ló ń san bílíọ̀nù mẹ́wàá yìí? Kí ni wọ́n ń tà? Ta ló ń rà á? Irú 30 yìí kan náà ni MMM, òwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí, ṣèlérí, tí wọ́n sì ti owó àwọn èèyàn pa ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2025 ti fi ẹ̀wọ̀n sí irú òwò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n wọn kò ní dá owó àjọ rẹ padà.

N kò ní fún ọ ní 500,000 fún ìyẹn. Tìrẹ ni 800,000, mi ò lè dì ọ́ lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n bí o bá bu ọlá fún mi, jẹ́ kó wà níbi tó wà títí oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ bàtà tí o sọ nígbà kan, tí o ń rà ní Aba tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń béèrè, ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé fún mi: àwọn mélòó ló ti rà á lọ́wọ́ rẹ, èló ni wọ́n san, èló ni wàá fi ra òmíràn lónìí. Bí ẹni tó ń san án bá hàn sí mi, 500,000 ti wà nílẹ̀. Àwìn ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn. Oṣù mẹ́wàá, èlé díẹ̀ sì wà níbẹ̀, torí ẹni tó máa sá lọ. Mo mọ ọ̀nà Ìkejà. Bí o bá dá mi lóhùn pé kò sí, orúnkún yìí á dùn mí, ṣùgbọ́n màá lóṣòó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.