Fóònù mi ní olóhun, kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín, níbi tí wọ́n ti ní kí ìjọba fòfin de fóònù pátápátá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìbáà jẹ́ ti ọmọ, ìbáà jẹ́ ti olùkọ́. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára, nítorí pé mo mọ ohun tí wọ́n rí. Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì ni mí. Ó di ọdún 19 tí mo ti ń mú ṣọ́ọ̀kì dání, kò sì sí ohun tí fóònù kò tíì fi ojú mi rí ní kíláàsì.

Ní sáà tó kọjá, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a gba fóònù 23 lọ́wọ́ àwọn ọmọ SS 2. Garawa ni igbákejì ọ̀gá wa fi kó wọn. Bí wọ́n ṣe gbé garawa náà sórí tábìlì ní yàrá àwọn olùkọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀kan ń kọrin, èkejì ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, ìkẹta ń pe ìrun. A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ sú ni. Ọmọ tó ni ọ̀kan nínú wọn ló mú iṣẹ́ àṣetiléwá wá fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti bi Meta AI tó wà lórí WhatsApp ní ìbéèrè mi, ó sì da ìdáhùn rẹ̀ kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tilẹ̀ da ìlà tó gbẹ̀yìn kọ, níbi tí ẹ̀rọ náà ti ń bi í bóyá ó fẹ́ kí òun fi àpẹẹrẹ méjì kún un. Mo fi báírò pupa dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́.

Nítorí náà, ní ti fóònù ọmọ, ẹ̀yìn bàbá yẹn ni mo wà. Ilẹ̀ Faransé ti fi òfin dè é láti ọdún 2018 ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré wọn. Àjọ UNESCO, tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ lágbàáyé, náà kìlọ̀ lọ́dún 2023 pé kí wọ́n má kàn gbé ẹ̀rọ wọ kíláàsì láìjẹ́ pé ó ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ibi tí èmi àti bàbá ti pínyà ni fóònù olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń fi tèmi ṣe. Máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíntìntín di ńlá lójú, kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní, ọmọ 64 ló sì wà nínú SS 1 tí mò ń kọ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fẹ́ kí wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ tíntìntín tí ara ohun ẹlẹ́mìí fi kọ́, màá bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín àlùbọ́sà, màá tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, màá kán áyódíìnì sí i kó lè hàn dáadáa, wọ́n á wá tò sórí ìlà. Kálukú á fi ojú kan yọjú fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá. Ẹni tí kò rí nǹkan kan á ní òun rí i, kí wọ́n má bàa pè é ní olódo. Ẹlòmíràn á rí ìpéǹpéjú ara rẹ̀, á sì yà á sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí sẹ́ẹ̀lì. A kì í tíì dé orí ọmọ ogún tí agogo á fi lù.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé kámẹ́rà fóònù mi lé ojú máíkírósíkóòpù náà. Iṣẹ́ sùúrù ni o, nítorí bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ìgbà tí mo fi páálí àti rọ́bà so ó mọ́ra ni àwòrán tó dúró. Sẹ́ẹ̀lì tò ní ẹsẹẹsẹ bíi búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀, kókó tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, wà, ó pọ́n díẹ̀ bí ẹni tó kán epo sí i. Mo gbé fóònù náà yí kíláàsì ká, láti orí bẹ́ńṣì dé orí bẹ́ńṣì. Ariwo sọ lẹ́yìn: "Mà, ṣé ohun tó wà nínú ọbẹ̀ tí a jẹ lánàá nìyí?" Mo ní òun ni. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì rí ọmọ tó ya ìpéǹpéjú mọ́.

Ti ẹ̀wà tún dùn ju ìyẹn lọ. Mo ní kí wọ́n gbin ẹ̀wà sínú ike lórí òwú tútù. Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, fún ọjọ́ 11, mo ń dúró sí ojú kan náà láti ya á ní àwòrán. Ní ọjọ́ kejìlá, mo fi ìka yí àwọn àwòrán náà kọjá kíákíá níwájú wọn. Ẹ̀wà ta gbòǹgbò, ó tẹ ọrùn, ó gbé orí sókè, ó bọ́ ẹ̀wù, ó la ewé. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe nígbà mẹ́fà. Láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́ ni mo ti ń ya àwòrán ohun kan náà sára pátákó, n kò rí ẹni tó ní kí n tún un yà rí.

Gbogbo èyí, kọ́bọ̀ kò jáde lápò ìjọba. Owó dátà ni mò ń san, dátà náà sì ti gbówó lórí láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi ohun tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tí wọ́n ń gbà. Òru ni mò ń wa fídíò sílẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń wo fíìmù ládùúgbò ti sùn. Ní kíláàsì, n kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Kí ló dé tí fóònù mi fi ń ṣiṣẹ́? Kò ju ẹ̀rọ mìíràn lọ. Gíláàsì rẹ̀ tilẹ̀ ti sán ní igun kan. Ó ní olóhun ni. Bó bá bọ́ lulẹ̀ lónìí, n kò ní sùn kí n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ fóònù. Bí kò bá síná, màá san owó fún ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fún ará àdúgbò. Ẹ wá wo yàrá kọ̀ǹpútà wa.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ló fi kọ̀ǹpútà 20 ta ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ má bi mí ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Kánópì wà níbẹ̀, onílù wà níbẹ̀, a jẹ ìrẹsì, a gé rìbọ́ọ̀nù, a ya fọ́tò. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ṣe é lóore sára ògiri, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí owó wọn ni, wọn kò sì jalè rà á. Wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ kan kún un. Sáà méjì ni epo rẹ̀ fi rí owó. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípàdé, tó jẹ́ pé láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ìròyìn kọ̀ǹpútà wa ti parí: "Ẹni tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ la máa fi tún un ṣe."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Èmi olùkọ́, tí mo mọ iye tí mò ń gbà lóṣù, ṣé màá kó ọmọ 64 wọ yàrá kọ̀ǹpútà kí ọ̀kan nínú wọn lọ da omi sórí rẹ̀? A fi wọ́n sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí ìlú mìíràn, kọ́kọ́rọ́ sì di àwátì fún odidi sáà kan. Nígbà tí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, agbọ́n ti mọlé sí ẹ̀yìn mẹ́ta nínú wọn, eku ti jẹ wáyà, bátìrì tó wà nídìí wọn sì ti wú. Àwọn kọ̀ǹpútà náà kò bàjẹ́ nítorí pé wọ́n lò wọ́n. Ìbẹ̀rù lílò ló pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fún ẹ̀kọ́ kì í ṣe tuntun ní Ọ̀ṣun wa níbí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013 ni ìjọba Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ girama àgbà. Orúkọ náà wù mí títí di òní, nítorí ẹni tó bá ti rí babaláwo tó tẹ ìyẹ̀rosùn sórí ọpọ́n á mọ̀ pé orí pẹpẹ pẹlẹbẹ ni ìmọ̀ ti ń jáde nílẹ̀ yìí kí Òyìnbó tó ṣe tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ 17 ló wà nínú rẹ̀, ìwé wọn wà níbẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀, kò sì fi dandan béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ro èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ronú dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni yòówù tó bá tún fẹ́ pín tábílẹ́ẹ̀tì lọ́la kọ́kọ́ dáhùn nìyí: lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ máa gbé e lọ, ta ni máa sanwó?

Àwọn ará Peru ti ná owó sí irú rẹ̀ jù wá lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórílẹ̀-èdè wọn lé ní 800,000. Nígbà tí àwọn olùwádìí lọ wo 319 ilé ẹ̀kọ́ ní ìgbèríko wọn, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2012, wọ́n rí i pé ọmọ mọ kọ̀ǹpútà lò lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ìṣirò ju ọmọ tí wọn kò fún ní kọ̀ǹpútà lọ, kò sì mọ̀wé kà jù ú lọ. Wọ́n fún ọmọ ní ẹ̀rọ, iṣẹ́ olùkọ́ kò yí padà. Kí ni wọ́n ń retí?

Síbẹ̀, a kò lè ní kí ọmọ má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ abúlé kan kò di eku kọ̀ǹpútà, ìyẹn máòsì, mú rí, wọ́n ṣe é kí ọmọ lè fi lẹ́tà mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò náà: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ránṣẹ́, R láti yí i padà. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, mo sì ń kọ lẹ́tà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí páálí fún àwọn ọmọ mi kí ìka wọn lè mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, lórí páálí, ní ilé ẹ̀kọ́ tó ní kọ̀ǹpútà 20. WAEC náà ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti 2024 fún àwọn tó ń ṣe é ní àdáni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025 sì ń kọ́ wa ní ohun kan náà. Àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n ṣe sára àwọn ẹ̀rọ tó ń gba ìdáhùn kò dé àwọn ibùdó kan, ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ní kó tún ìdánwò ṣe, ọ̀gá JAMB nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, sì sunkún lójú gbogbo ayé. Ẹ wò ó, ilé wọn kò wó, iná kò jó wọn. Ìtọ́jú kékeré kan tí ẹnì kan gbójú fò ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó nǹkan. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé fóònù ọmọ kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì, ti olùkọ́ lè wọ̀ ọ́ fún iṣẹ́, kí alábẹ̀wò tó bá bá mi pẹ̀lú fóònù lórí àlùbọ́sà má bàa tún pàṣẹ fún mi bí ọ̀kan ṣe ṣe lọ́dún tó kọjá: "Madam, ẹ gbé Facebook yẹn sílẹ̀." Kí wọ́n gba ẹnì kan tó mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe, kó máa yí ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ká bí dókítà ẹran ọ̀sìn ṣe ń yí abà ká. Kí sólà díẹ̀ wà. Pàtàkì jù lọ, kí wọ́n sọ fún olùkọ́ pé bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ló bà á jẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà ló lè fi nǹkan kọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ mi dọwọ́ bàbá tó kọ lẹ́tà. Wẹsidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn àkókò ìsinmi, a ó tún bó àlùbọ́sà pẹ̀lú SS 1 tuntun. Bí ọ̀nà bá gbé wọn gba Ìkirun, kí wọ́n yà. Wọ́n lè mú fóònù tiwọn náà wá, a máa fi han àwọn ọmọ tó wà lápá kejì kíláàsì. Kí wọ́n ṣáà ṣájì rẹ̀ wá láti ilé, NEPA kò tíì mú iná wá sọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ Satidé.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì kan,
Ìkirun, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.