Oxalá méjì, ọ̀rọ̀ méjì

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Salvador, ní Brazil níbẹ̀? O bi mí bóyá Òrìṣàńlá wa ni "oxalá" tí wọ́n fi ń tọrọ nǹkan lédè Potogí. Rárá o. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ìró ló pa wọ́n pọ̀.

Ti àdúrà, Lárúbáwá ló ni ín. Àwọn Mùsùlùmí wọ Sípéènì lọ́dún 711. Granada, ìlú ìkẹyìn, kò bọ́ lọ́wọ́ wọn títí di 1492. Ìwé atúmọ̀ èdè Real Academia Española, àjọ tó ń bójú tó èdè Sípéènì, sọ pé "law šá lláh" ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn "bí Ọlọ́run bá fẹ́". Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu Potogí ń pe x bí ṣ tiwa títí dòní. Sípéènì náà ń pè é bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ìró náà tó sún lọ sínú ọ̀nà ọ̀fun. Lọ́dún 1815 ni Academia fi j rọ́pò x. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ "ojalá" lédè Sípéènì. Lórí "lá" ni kí o ti tẹ̀ ẹ́. "Ójala" kò dára létí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e ló máa ń ṣini lọ́nà jù. "Ojalá llueve" kò tọ̀nà, nítorí "llueve" ń sọ pé òjò ń rọ̀ ní tòótọ́. "Ojalá llueva": kí òjò rọ̀ o. "Ojalá lloviera": ìrètí rẹ̀ kò pọ̀. "Ojalá hubiera llovido": òjò ì bá ti rọ̀! Inú mi dùn sí èyí gan-an, torí "ì bá" tiwa bá a mu régí. Lédè Potogí, "oxalá chova". Ṣùgbọ́n lójú pópó níbẹ̀, "tomara que chova" ni wàá máa gbọ́ jù.

Oxalá kejì, àwọn baba wa ló gbé e débẹ̀: Òrìṣàńlá di Orixalá, ó di Oxalá. Oxalufã ni àgbà, Òrìṣà Olúfọ́n, tó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Oxaguiã ni ọ̀dọ́, Òrìṣà Ògìyán ti Èjìgbò. Lọ́jọ́ Ẹtì, aṣọ funfun ni àwọn olùsìn Oxalá ń wọ̀ nítorí rẹ̀.

Bí o bá gbọ́ "oxalá que", àdúrà ló sábà máa ń jẹ́. Bí wọ́n bá wí fún ọ nílé òrìṣà pé "Oxalá te abençoe", Òrìṣàńlá ni wọ́n ní kó bù kún ọ. Ṣe àmín.

Kọ̀wé sí mi láìpẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí